Láti Asofẹ́yẹjẹ Dé Ìgò Ẹ̀jẹ̀: Àṣìṣe Inú Ìṣirò Oògùn àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Iye oògùn tí aláìsàn gbé mì kọ́ ni iye tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Òmíràn kì í yòrò nínú ikùn, òmíràn a bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ a sì ti ba òmíràn jẹ́ kó tó kọjá sí ara yòókù. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ oògùn ṣe máa ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn díẹ̀díẹ̀ láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan, tí wọ́n á wọn oògùn tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ìwọ̀n wọ̀nyí ṣírò iye tó wọlé àti bó ṣe yára wọlé tó. Ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá hóró tí ilé iṣẹ́ kan ṣe dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn, òun náà ni wọ́n fi ń yan iye tí aláìsàn yóò máa lò lójúmọ́. Àṣìṣe sì pọ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀. Abẹ́òkúta ni ìlú tí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ti fìdí múlẹ̀ ju ibi púpọ̀ lọ ní Áfíríkà. Ìtàn oògùn ibẹ̀, láti ọwọ́ adáhunṣe títí dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, jẹ́ kó rọrùn láti rí ibi tí àṣìṣe náà ti ń wọlé.

Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830 lábẹ́ Ṣódẹkẹ́, ìmọ̀ ewé àti egbò bá wọn dé ibùdó tuntun náà. Lára igi tí àwọn adáhunṣe ilẹ̀ Yorùbá fi ń tọ́jú wèrè ni asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Rauvolfia vomitoria. Igi kékeré ni, oje funfun wà lára rẹ̀, èso rẹ̀ a máa pọ́n, ẹyẹ a sì máa jẹ ẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ ni agbára wà. Adáhunṣe a wa gbòǹgbò náà, a lọ̀ ọ́ tàbí kó sè é, a fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú mu. Oorun a gbé aláìsàn lọ, ara rẹ̀ a sì rọlẹ̀. Ojú adáhunṣe ni òṣùwọ̀n rẹ̀: bí oorun náà ṣe pẹ́ tó, bóyá aláìsàn ń jẹun, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń tò. Bí oorun bá pọ̀ jù, a dín in kù; bí ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀, a fi kún un.

Àwọn ará Íńdíà náà ti ń lo ẹ̀yà igi yìí mìíràn, Rauvolfia serpentina, fún irú àìsàn kan náà. Ní ọdún 1931, Sen àti Bose, oníṣègùn méjì níbẹ̀, kọ̀wé pé ó ń mú aláìsàn ọpọlọ rọlẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ CIBA ní Switzerland yọ reserpine, èròjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà, jáde láti inú gbòǹgbò rẹ̀. Reserpine yìí wà nínú asofẹ́yẹjẹ náà, débi pé gbòǹgbò tí wọ́n ń kó láti Áfíríkà di ọ̀kan lára ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ti ń rí i.

Àrò àti àwọn abúlé tó yí i ká

Kí Àrò tó wà, ìjọba amúnisìn ti dá ilé wèrè sílẹ̀ ní Calabar ní ọdún 1904 àti ní Yaba ní ọdún 1907. Ọ̀ràn àhámọ́ ló jẹ wọ́n lógún níbẹ̀, ìtọ́jú kò tó nǹkan. Ní Abẹ́òkúta, ọdún 1944 ni wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Láńtòrò di ibi tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí àrùn ọpọlọ mú lójú ogun àgbáyé kejì sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ńlá sí Àrò, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954.

Thomas Adeoye Lambo ló wá ṣe olórí rẹ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, wọ́n bí i ní ọdún 1923, ó ka ìwé ní Baptist Boys' High School, ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham. Iṣẹ́ ilé náà kò tíì parí nígbà tó dé. Lambo bá àwọn baálé abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀, ó sì fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé wọn. Ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa dáná fún un, kó máa fọṣọ rẹ̀, kó sì máa mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún ìtọ́jú. Lambo tún pe àwọn adáhunṣe mọ́ iṣẹ́ náà, ó gba ìmọ̀ wọn lórí àṣà àti ìwà aláìsàn. Ètò abúlé yìí ló sọ Àrò di olókìkí. Ní ọdún 1961, ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cornell sì bá Lambo ṣe ìwádìí àrùn ọpọlọ láàárín Yorùbá, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1963.

Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣiṣẹ́ ní Àrò ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ó lọ bá àwọn adáhunṣe nílé wọn, ó wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú wèrè, ó sì kọ àpilẹ̀kọ kan jáde ní ọdún 1960 nínú American Journal of Psychiatry lórí bí wọ́n ṣe ń lo Rauvolfia. Nípa bẹ́ẹ̀, oògùn kan náà ti wá dé ọ̀nà méjì: gbòǹgbò tí adáhunṣe sè, àti hóró tí ilé iṣẹ́ rọ. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé, mélòó nínú ohun tó wà nínú ìkòkò tàbí nínú hóró ló ń wọ ara?

Ojú nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Iṣẹ́ tí reserpine ń ṣe ni pé ó ń tú àwọn èròjà tí iṣan ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kúrò níbi tí wọ́n kó wọn pamọ́ sí. Kí ara tó kó òmíràn jọ, ọjọ́ púpọ̀ ti kọjá, oògùn náà sì ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Ẹni tó bá fi ìrọlẹ̀ aláìsàn ṣírò oògùn tó wà lára rẹ̀ yóò rò pé ó ṣì pọ̀ nígbà tó ti tán; bó bá sì ń fi kún un lójoojúmọ́, ó lè kó aláìsàn sínú ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀ tàbí kí ìfúnpá rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ìwọ̀n reserpine inú ẹ̀jẹ̀ náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mílílítà kan kì í sábà ní tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù gíráàmù. Kò sí ẹ̀rọ tó lè rí i ní àwọn ọdún 1950.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe di ẹlẹ́rìí

Ibà ló kọ́kọ́ sọ wíwọn oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ di iṣẹ́ gidi. Nígbà ogun àgbáyé kejì, kúnínì wọ́n, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ ogun ní mepacrine dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni lójú. Ní New York, ní ilé ìwòsàn Goldwater, Bernard Brodie àti Sidney Udenfriend gbé ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn mepacrine nínú ẹ̀jẹ̀ jáde ní ọdún 1943. Wọ́n rí i pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, oògùn náà kò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti gbà á: inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara ló sá sí. Ohun tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni kí wọ́n fún aláìsàn ní púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: kí oògùn kéré nínú ẹ̀jẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kò wọlé.

Ní ọdún 1953, Friedrich Hartmut Dost, ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde lórí ìwọ̀n oògùn inú ẹ̀jẹ̀, níbi tó ti fi hàn pé àyè tó wà lábẹ́ ìlà tí ń tọ́ka ìwọ̀n náà, láti ìgbà tí oògùn wọlé títí tó fi tán, ni ó ń sọ iye tó gba inú ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá gún oògùn sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló wọ ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá wá fún ẹni kan náà ní hóró lọ́jọ́ mìíràn, tí wọ́n sì fi àyè kejì wé ti àkọ́kọ́, wọn yóò mọ ìdá tó wọlé. Ní ọdún 1963, John Wagner àti Eino Nelson ní Amẹ́ríkà fi ọ̀nà mìíràn kún un, èyí tí ń ṣírò ìdá tó ti wọlé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà méjèèjì ń fọwọ́ kan ìṣòro kan náà. Ẹ̀jẹ̀ dà bí àmù tí ìdí rẹ̀ ń jò: ẹni tó wo ibi tí omi dé kò tíì mọ iye tí wọ́n dà sí i, àfi tó bá mọ bó ṣe ń jò. Ìṣirò náà gbà pé ìjò náà kò yí padà láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ dé ọjọ́ hóró, pé kò sì yí padà bí oògùn bá pọ̀ tàbí tó kéré. Ọ̀nà Wagner àti Nelson tún gbà pé ojú kan ṣoṣo ni oògùn wà nínú ara. Níbi tí ọ̀kan nínú àwọn àdéhùn wọ̀nyí bá ti yẹ̀, iye tó bá jáde kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé.

Àṣìṣe tó ti wà kí ẹ̀jẹ̀ tó dé láàbù

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà ní ẹnu aláìsàn. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ, àwọn aláìsàn mìíràn a máa fi hóró pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, wọ́n a tu ú dànù tí nọ́ọ̀sì bá kọjá. Ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi oògùn díẹ̀ hàn, dókítà a sì rò pé ìfun rẹ̀ ni kò gbà á. Níbi yìí ni ètò abúlé Àrò ti ní àǹfààní tí ẹ̀rọ kò ní: ìbátan tó ń gbé pẹ̀lú aláìsàn lè jẹ́rìí pé ó gbé oògùn náà mì.

Èkejì ni àkókò. Bí wọ́n bá kọ̀wé pé agogo mẹ́jọ ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, tó sì jẹ́ pé mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni, ìlà náà ti yà. Bí oògùn bá yára wọlé, tí wọ́n sì fi wákàtí méjì-méjì fa ẹ̀jẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ lè ti dé kó sì ti kọjá láìsí ẹni tó rí i. Lithium, tí wọ́n ń fún àwọn tí inú wọn ń dùn sódì tàbí bàjẹ́ sódì, ní òfin tirẹ̀: wákàtí méjìlá lẹ́yìn ìlò ìkẹyìn ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń wá jẹ́ 0.6 sí 1.0 mílímólù nínú lítà kan. Aláìsàn tó bá lo hóró òwúrọ̀ rẹ̀ kó tó wá síbi àyẹ̀wò yóò dà bí ẹni tí oògùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìgò. Ìgò kan wà tí wọ́n fi heparin oní-lithium sí kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò lo lithium rí, tí wọ́n bá fà á sínú ìgò yìí, lè fi lithium tó léwu hàn. Ìdérí rọ́bà náà ti dá wàhálà sílẹ̀ rí: ní ọdún 1975, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà fi hàn pé èròjà kan láti inú ìdérí irú ìgò kan ń lé propranolol, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí èyí tó kù nínú omi ẹ̀jẹ̀ fi kéré ju bó ṣe yẹ lọ.

Apá ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n wọ̀n náà ṣe pàtàkì. Chloroquine, tí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá fi wo ibà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Nàìjíríà tó fi oògùn oní-artemisinin rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2005, a máa kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ nínú ògidì ẹ̀jẹ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti omi ẹ̀jẹ̀ lọ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti dì kí wọ́n tó yọ omi rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì a tú ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ìwọ̀n a tún ga. Ẹni tó bá fi ògidì ẹ̀jẹ̀ ìlú kan wé omi ẹ̀jẹ̀ ìlú mìíràn kò tíì fi ohun kan wé ohun kan.

Àṣìṣe inú láàbù àti inú ìṣirò

Nínú láàbù, ìbéèrè ni pé kí gan-an ni ẹ̀rọ náà ń rí. Àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn kúnínì kò fi bẹ́ẹ̀ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀dọ̀ ti sọ ọ́ dà, wọ́n sì ń ka méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ tí kò rí ìwọ̀n kékeré náà a máa gé ìrù ìlà dànù: oògùn ṣì wà, ẹ̀rọ ní ó ti tán. Ọ̀ràn yìí le fún chloroquine, tó ń lo oṣù kan sí méjì kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Ìwádìí tó bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti fi apá ńlá nínú àyè abẹ́ ìlà náà sílẹ̀. Bó bá sì fojú bu ìyókù, ìfojúbù yẹn ló ti di èsì.

Ìṣirò fúnra rẹ̀ ní ibi tó ti ń yẹ̀. Oògùn tó ń kó sínú ẹran ara, tó sì ń padà wá sínú ẹ̀jẹ̀, kò bá àdéhùn ojú kan ṣoṣo mu. Ìdí nìyí tí Loo àti Riegelman fi gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ ní ọdún 1968. Phenytoin, oògùn wárápá, ní ìṣòro tirẹ̀: ẹ̀dọ̀ kò lè bà á jẹ́ ju ìwọ̀n kan lọ. Bí iye tí aláìsàn ń lò bá lé díẹ̀, ìwọ̀n inú ẹ̀jẹ̀ lè fò sókè gan-an, ẹni tó ń ṣírò a sì rò pé ìfun ló ṣàdédé gbà á dáadáa.

Èyí tó kan ilé ìwòsàn ọpọlọ jù ni ti abẹ́rẹ́ tó ń pẹ́ lára, irú fluphenazine decanoate tí wọ́n ń pè ní Modecate. Inú òróró ni wọ́n pò ó sí, ẹran ìdí ni wọ́n sì ń gún un sí. Fluphenazine inú hóró kì í pẹ́ kó tó lọ. Ìdajì rẹ̀ a kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Ti abẹ́rẹ́ náà a máa gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Kì í ṣe pé ara kò lè lé e jáde. Òróró ló ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe lè lé ohun tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ jáde. Nítorí náà, ìrù ìlà tí ojú fẹ́ kà sí ìjáde jẹ́ ìwọlé gan-an. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pe ìwọlé ní ìjáde, yóò sì ṣi ìgbà tí abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀ yẹ mọ̀.

Àṣìṣe láti inú ara àti láti inú hóró

Chlorpromazine, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1950, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi tọ́jú àrùn ọpọlọ ní Paris ní ọdún 1952, fi ìṣòro ara ènìyàn hàn. Nígbà tí Stephen Curry rí ọ̀nà tó dára láti wọ̀n ọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960, àwọn aláìsàn tó ń lo iye kan náà ní ìwọ̀n tó jìnnà síra gan-an. Ìfun kò kọ̀ ọ́. Ògiri ìfun àti ẹ̀dọ̀ ló ń ba púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ara yòókù. Ní ọdún 1973, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà rí i pé àwọn tó ń lo oògùn ìgbọ̀nrìrì, ìyẹn Artane, mọ́ ọn ní ìwọ̀n tó kéré sí i. Artane ń fa ikùn sẹ́yìn, chlorpromazine a sì pẹ́ níbi tí wọ́n ti lè bà á jẹ́. Ìlò oògùn méjèèjì pọ̀ wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, nítorí náà ẹni tó ń ka èsì ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè ohun mìíràn tí aláìsàn ń lò.

Àgbo wà nínú ìbéèrè náà. Ní ọjà Ìtòkú àti ti Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, ewé, egbò àti èèpo igi wà lórí àtẹ lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń mu ún mọ́ oògùn òyìnbó. Ìwádìí kan láti Nsukka, tó jáde ní ọdún 2003, fi hàn pé omi ewé dóńgóyárò dín ìwọ̀n chloroquine kù nínú ẹ̀jẹ̀ ehoro. Kaolin tí wọ́n ń lò fún ìgbẹ́ gbuuru náà ti dín gbígba chloroquine kù nínú ènìyàn. Bí wọn kò bá béèrè nípa àgbo, wọn yóò dá oògùn lẹ́bi fún ohun tí kò ṣe.

Ìyàtọ̀ ìdílé wà pẹ̀lú. Ní ọdún 1986, Iyun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí bí ara àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe ń yí metoprolol àti debrisoquine padà, wọn kò sì rí ìpín sí ọ̀nà méjì láàárín wọn, irú èyí tó ṣe kedere láàárín àwọn aláwọ̀ funfun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ẹ̀yà èròjà ẹ̀dọ̀ kan tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ Áfíríkà, tí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra. Àyè abẹ́ ìlà tó fẹ̀ lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì pé ìjáde ló lọ́ra, kì í ṣe pé ìwọlé ló pọ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n mú láti Lọ́ńdọ̀nù kò lè dúró fún Abẹ́òkúta láìsí àyẹ̀wò.

Hóró náà kò gbọ́dọ̀ yọ sílẹ̀. Ní Australia ní ọdún 1968, ilé iṣẹ́ kan pààrọ̀ èròjà aláìlágbára tó fi kún phenytoin, oògùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ara jù, débi pé ó di májèlé fún àwọn aláìsàn wárápá. Ní ọdún 1971, John Lindenbaum àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi digoxin, oògùn ọkàn, láti ọ̀dọ̀ onírúurú ilé iṣẹ́ wéra. Ìyàtọ̀ ìwọ̀n tó ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ dé ìlọ́po méje. Ní Nàìjíríà, níbi tí ayédèrú oògùn ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi, tí òfin sì ti fìdí NAFDAC, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn, múlẹ̀ láti ọdún 1993, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ hóró wò kí wọ́n tó dá ìfun lẹ́bi.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè sọ iye oògùn tó wọ ara. Ẹni tó bá ń fa ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ wákàtí gan-an sílẹ̀, kó yan ìgò tó yẹ, kó sọ bóyá ògidì ẹ̀jẹ̀ ni tàbí omi rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ aláìsàn tàbí ìbátan rẹ̀ bóyá ó gbé oògùn mì, ohun tó jẹ, àgbo tó mu àti oògùn mìíràn tó ń lò. Ẹni tó ń ṣírò gbọ́dọ̀ sọ àdéhùn tí ìṣirò rẹ̀ dúró lé. Èsì tí wọ́n kọ láìsí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò yẹ kí dókítà kankan fi yí iye oògùn aláìsàn padà.